Oúnjẹ Ọ̀sán ní Seikyō: Àyẹ̀wò Ilé-Oúnjẹ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ní Yunifásítì Jàpáànù

Àwọn tí ń gbèrò láti lọ gba oyè másítà tàbí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Jàpáànù máa ń béèrè ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́wọ́ àwa tí a ti wà níbẹ̀: bí òtútù ṣe ń mú tó, bí èdè wọn ṣe le tó, àti bóyá owó ìrànwọ́ tí ìjọba wọn ń san tó jẹun. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí òun yóò ti máa jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ìdí nìyí tí mo fi kọ àyẹ̀wò yìí lórí seikyō, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ń bójú tó ilé-oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù àti ilé-ìtàwé nínú ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ náà. Mi ò tíì rí ibòmíràn tí àlejò ti lè kọ́ ìwà àti ìṣe àwọn ará Jàpáànù wọ́ọ́rọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí ó ń dá jẹ búrẹ́dì nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lójoojúmọ́, nígbà tí gbogbo àwọn ará yàrá ìwádìí rẹ̀ ti lọ síbẹ̀.

Ẹni tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nítorí pé àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọlọ́jà wa ti ń dá owó jọ lọ́nà yìí tipẹ́tipẹ́. Ti Jàpáànù kò yàtọ̀ ní ìpìlẹ̀. Bí ènìyàn bá ti wọ yunifásítì, yóò san owó ìpín kan, èyí tí iye rẹ̀ yàtọ̀ láti yunifásítì dé yunifásítì, yóò sì di ọmọ ẹgbẹ́. Owó yìí kì í ṣe owó àsanù: ẹgbẹ́ máa ń dá a padà nígbà tí ènìyàn bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, inú àkáǹtì báńkì ti Jàpáànù ni wọ́n sì sábà máa ń san án sí, nítorí náà ẹni tí ó bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílé gbọ́dọ̀ kọ̀wé fún un kí ó tó ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ọdún 1948 ni wọ́n ṣe òfin tí ó de irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn wọn ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Doshisha ní ìlú Kyoto ní ọdún 1898. Ti Yunifásítì Tokyo bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1946, lẹ́yìn ogun, nígbà tí oúnjẹ àti ìwé di ọ̀wọ́n gógó. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ni ó ní seikyō, àwọn mìíràn sì gbé ilé-oúnjẹ wọn fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ níbí yìí bá tiwọn náà mu.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé-oúnjẹ náà. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń ṣàfihàn oúnjẹ ọjọ́ náà, yálà nínú àwòrán tàbí pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ gidi tí wọ́n fi ọ̀rá tín-ín-rín bò, pẹ̀lú iye owó rẹ̀ lábẹ́. Ẹni tí kò lè ka kánjì, ìyẹn àmì ìkọ̀wé wọn, kan ṣoṣo lè dúró síbẹ̀, kí ó yan ohun tí ó wù ú, kí ó sì ti mọ iye tí òun yóò san kí ó tó wọlé. Lẹ́yìn náà, oníkálùkù yóò mú tírée, yóò sì tò. Ibi tí wọ́n ti ń bu ẹran àti ẹja wà lọ́tọ̀, ti núdù wà lọ́tọ̀, ti ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ kọrí náà wà lọ́tọ̀. Àwọn abọ́ kéékèèké tí ẹ̀fọ́, ẹyin sísè, tófù (ìyẹn wàrà ẹ̀wà sọ́yà) àti ẹ̀wà wà nínú wọn ti wà lórí pẹpẹ, kí ènìyàn mú èyí tí ó bá fẹ́. Ìrẹsì ní ìwọ̀n ńlá, ti àárín àti kékeré, ó sì tún ní èyí tí ó kéré ju kékeré lọ. Ìka ọwọ́ lásán ti tó láti fi tọ́ka sí i. Tíì àti omi wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó ń gba owó yóò wo orí tírée, yóò tẹ iye gbogbo rẹ̀, a ó sì fi káàdì akẹ́kọ̀ọ́ tàbí fóònù san án. Ọwọ́ méjèèjì ni yóò fi na rìsíìtì sí ènìyàn, ọmọ Yorùbá tí a ti kọ́ láti kékeré pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí ni òun wà.

Bí a bá jẹun tán, kò sí ẹni tí yóò wá kó abọ́ fún wa. Oníkálùkù ni yóò gbé tírée rẹ̀ lọ sí ibi ìdápadà, tí yóò da ìdọ̀tí síbi tí wọ́n yàn fún un, tí yóò to abọ́ sórí bẹ́líìtì tí ń gbé e wọlé lọ sí ibi ìfọbọ́, tí yóò sì kó igi ìjẹun sínú àpótí tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ń fọ abọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá, ohùn wẹ́lẹ́ ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ẹ wo abọ́ ìrẹsì wọn dáadáa, ẹ ó rí i pé hóró kan kò ṣẹ́kù sínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò yìí ni pé gbogbo òfin rẹ̀ wà lójútáyé. Inú yàrá ìwádìí ni nǹkan ti le, nítorí pé ọ̀pọ̀ òfin tí ó wà níbẹ̀ ni ẹnu kì í sọ: aago mélòó ni ó bójú mu kí ènìyàn lọ sílé, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè nígbà tí ẹnìkan bá parí àlàyé iṣẹ́ rẹ̀, kí ni ìdákẹ́jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n túmọ̀ sí. Ó lè gba àlejò ní oṣù púpọ̀ kí ó tó mọ ìdáhùn sí wọn. Ṣùgbọ́n nínú ilé-oúnjẹ, ẹni tí ó bá wo ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà ti kọ́ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ìgboyà tí ènìyàn bá rí gbà níbẹ̀ máa ń bá a dé ibòmíràn.

Lórí oúnjẹ fúnra rẹ̀, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Kò ta. Ẹni tí ó bá ń wá ata rodo kò ní rí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé shichimi, ìyẹn àpòpọ̀ èròjà méje tí ata gbígbẹ wà lára wọn, máa ń wà lárọ̀ọ́wọ́tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀ sọ́yà. Oúnjẹ wọn tún máa ń dùn díẹ̀, nítorí pé wọ́n máa ń fi ṣúgà sí ohun tí àwa kì í fi ṣúgà sí. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ ohun tí ó yẹ kí a mú, a ó rí i pé oúnjẹ náà kò jìnnà sí ti ilé tó bí a ti rò. Saba tí wọ́n máa ń fi miso, ìyẹn ẹ̀wà sọ́yà lílọ̀ tí wọ́n jẹ́ kí ó kan, sè ni ẹja tí a mọ̀ sí Titus ní ọjà wa, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ó dára jù lórí pẹpẹ wọn. Ilá wà, ilá gan-an, tí wọ́n bọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì fi ẹja gbígbẹ tí wọ́n fá bí ìwé tín-ín-rín sí lórí. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi yánmọtí pò wà. Kókò náà wà, tí wọ́n fi ọbẹ̀ sọ́yà sè títí tí ó fi rọ̀; ní agbègbè Tohoku, tí ó wà ní àríwá, ìgbà ìwọ́wé ni àwọn ará yàrá ìwádìí máa ń jáde lọ sí etí odò láti se kókò yìí nínú ìkòkò ńlá pẹ̀lú ẹran, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké àdúgbò a sì máa ta igi ìdáná fún wọn. Ẹni tí wọ́n bá pè síbẹ̀ má ṣe kọ̀ ọ́.

Nattō ni ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sá fún un. Ẹ̀wà sọ́yà sísè ni, tí kòkòrò àìfojúrí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bacillus subtilis ti sọ di ohun tí ó ń fà, tí ó sì ń rùn. Kòkòrò àìfojúrí yìí kan náà wà lára àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú irú tí a fi ń se ọbẹ̀ nílé, nítorí náà ẹni tí imú rẹ̀ ti mọ òórùn irú láti kékeré kò ní ìdí kankan láti sá. Ẹ tú ọbẹ̀ sọ́yà kékeré tí ó bá a wá sí i, ẹ fi igi ìjẹun rò ó títí tí yóò fi yọ fọ́ọ́mù, kí ẹ sì dà á sórí ìrẹsì gbígbóná. Bí ẹ bá fi ilá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kún un, ẹ ti rí oúnjẹ tí ó ń yọ̀ wọ ọ̀nà ọ̀fun bí ó ti yẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Jàpáànù máa ń retí pé àlejò yóò kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé ó ń jẹ ẹ́ tọkàntọkàn, ojú tí wọ́n fi ń wò ó máa ń yí padà, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ohun tí a ń jẹ nílé wa àti bí a ṣe ń sè é. Ní yàrá ìwádìí tiwa, irú ni ó kọ́kọ́ mú kí onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí kan, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bá mi jókòó títí tí aago oúnjẹ ọ̀sán fi kọjá.

Ọ̀rọ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kan àwa tí a jẹ́ Mùsùlùmí gidigidi, mo sì fẹ́ kí a mú un ní kókó. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ wọn, kì í sì í ṣe ibi tí ojú ti rí i nìkan: omi ọbẹ̀ rámẹ́nì, ìyẹn núdù olómi ọbẹ̀, lè jẹ́ ti egungun rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ lè wà nínú kọrí, bẹ́ẹ̀ ni ọtí ìsebẹ̀ àti mirin, ìyẹn ọtí ìrẹsì dídùn, máa ń wà nínú ọbẹ̀ tí a fi se ẹja. Ní ọ̀pọ̀ ilé-oúnjẹ seikyō, wọ́n máa ń kọ irú ẹran tí ó wà nínú oúnjẹ àti èròjà tí ó lè dá àìsàn sí ènìyàn lára sí ẹ̀gbẹ́ iye owó rẹ̀, èyí tí ó ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Àwọn yunifásítì ńlá mélòó kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ sí ní oúnjẹ hàlálì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, bí ó bá sì wà, ó lè jẹ́ oríṣi kan tàbí méjì péré. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ra lórí èyí ní láti béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kí ó tó dé, kí ó sì mọ̀ pé ẹyin, nattō, ìrẹsì funfun, tófù àti ẹ̀fọ́ bíbọ̀ ni yóò jẹ́ ààbò rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí nǹkan mìíràn. Ẹ má sì rò pé ẹ ó gbé pọ̀nmọ́ tàbí kílíṣí wá láti ilé, nítorí pé òfin ilẹ̀ náà lórí ẹran tí kò ní ìwé ẹ̀rí ìlera ẹran le, pápá ọkọ̀ òfurufú ni wọn yóò ti gbà á.

Rìsíìtì wọn tún jẹ́ ohun tí ó wú onísáyẹ́ǹsì lórí. Yàtọ̀ sí owó, wọ́n máa ń kọ agbára tí ó wà nínú oúnjẹ náà àti ìwọ̀n iyọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, wọn a sì pín in sí àwọ̀ mẹ́ta: pupa fún ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà, ewé fún ẹ̀fọ́ àti èso, òféfèé fún ìrẹsì, núdù àti òróró. Ẹni tí ó bá wo rìsíìtì ọ̀sẹ̀ kan yóò rí àṣìjẹ rẹ̀ kedere. Àwa tí ìrẹsì wa máa ń pọ̀, tí ẹ̀fọ́ wa sì máa ń kéré nígbà tí a bá jìnnà sí ọbẹ̀ ìyá wa, nílò irú ìkìlọ̀ yìí, pàápàá nígbà òtútù tí a kì í rí oòrùn púpọ̀.

Oúnjẹ nìkan kọ́ ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní yàrá ìwádìí Jàpáànù, oníkálùkù lè jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ láti òwúrọ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, àlejò a sì máa rò pé wọn kò fẹ́ràn òun. Bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ bá lù, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ tó jáde ní kíláàsì ní nǹkan bí aago méjìlá tí ìlà yóò gùn dé ìta, ẹnìkan yóò dìde, yóò sọ pé ó tó àkókò, gbogbo wọn yóò sì bọ́ aṣọ funfun yàrá ìwádìí sílẹ̀, nítorí pé a kì í wọ̀ ọ́ lọ síbi oúnjẹ, wọn yóò jọ lọ. Ẹni tí ó bá bá wọn lọ ti di ọ̀kan lára wọn. Lórí tábìlì yẹn ni ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ ti máa ń ṣàlàyé bí a ṣe ń forúkọ sílẹ̀ láti lo ẹ̀rọ NMR tí a fi ń mọ bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe tò nínú kẹ́míkà, ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀ kí a tó lọ bu nítírójìn olómi, ike tí a ó da èyí tí ó ní kúlórínì nínú lára ìdọ̀tí kẹ́míkà sí, àti iye ọjọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ kí ó ṣẹ́kù kí a tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Tábìlì yẹn náà ni mo ti lóye ọ̀rọ̀ senpai, ìyẹn ẹni tí ó ṣáájú ẹni wọlé. Àwa mọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọjọ́ orí ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ní yàrá ìwádìí tiwọn, ọdún tí ènìyàn wọlé ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ́ni ní yunifásítì nílé, a ti níyàwó tàbí ọkọ, a ti bímọ, kí a tó lọ bẹ̀rẹ̀ másítà níbẹ̀, ọmọ ọdún 23 sì lè jẹ́ senpai wa tí yóò máa tọ́ wa sọ́nà lórí bí a ṣe ń fọ ìgò kẹ́míkà. Ó máa ń le lára àgbàlagbà láti gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá jọ jókòó ti oúnjẹ, a ó rí i pé senpai náà ka ìtọ́jú wa sí ojúṣe rẹ̀: òun ni yóò tò síwájú láti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wá, òun ni yóò ka ohun tí wọ́n kọ sára abọ́ fún wa, òun ni yóò sì dúró títí a ó fi jẹun tán bí àwọn yòókù bá ti lọ. Láti ìgbà tí mo ti rí èyí ni ìtọ́sọ́nà rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí kò ti ni mí lára mọ́. Ní ti ìwà nídìí oúnjẹ, nǹkan díẹ̀ ti tó: ẹ dúró kí gbogbo ènìyàn jókòó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi igi ìjẹun gún ìrẹsì kí ó dúró ṣánṣán nítorí pé bí wọ́n ti ń ṣe fún òkú nìyẹn, ẹ sì má bẹ̀rù láti fa núdù pẹ̀lú ariwo, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bínú sí i.

Iye owó bá akẹ́kọ̀ọ́ mu. Owó ìrànwọ́ ìjọba Jàpáànù, èyí tí a mọ̀ sí MEXT, jẹ́ 144,000 yẹ́ẹ̀nì lóṣù fún akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti 145,000 fún ti ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì máa ń fi 2,000 tàbí 3,000 kún un ní àwọn agbègbè kan. Bí oúnjẹ ọ̀sán kan bá jẹ́ 600 yẹ́ẹ̀nì, tí a sì jẹ ẹ́ fún 20 ọjọ́ lóṣù, 12,000 ni, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà. Ẹni tí kò ní owó ìrànwọ́, tí ó sì ń gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ wákàtí 28 lọ́sẹ̀ tí òfin gbà láàyè, yóò ní láti ṣírò rẹ̀ dáadáa, pàápàá nítorí pé owó ìrẹsì ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún 2024 àti 2025. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, wọ́n máa ń ta oúnjẹ àárọ̀ ní 100 yẹ́ẹ̀nì ní àwọn àkókò kan nínú ọdún, nítorí pé ẹgbẹ́ àwọn òbí tàbí ti àwọn tí ó ti jáde níbẹ̀ ń san èyí tí ó kù. Ẹ máa wojú pátákó ìkéde fún un.

Ibi tí seikyō ti kù díẹ̀ káàtó fún akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ni àkókò. Ìgbésí ayé akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ sí kíláàsì ni wọ́n fi ṣe ìṣirò wọn. Àwọn ilé-oúnjẹ kan kì í ṣí kọjá ọ̀sán. Èyí tí ó ń ta oúnjẹ alẹ́ sábà máa ń tì ní nǹkan bí aago méje tàbí mẹ́jọ, ọjọ́ Sátidé kì í pẹ́, ọjọ́ Àìkú kì í sì í sábà sí. Ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, àti ní oṣù kejì àti ìkẹta, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ bá wà nínú ìsinmi, wákàtí wọn máa ń dín kù gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tí a ń tọ́jú kì í mọ ìsinmi, ẹ̀rọ tí a ti dúró oṣù mẹ́ta dè kì í sì í sún àkókò rẹ̀ síwájú nítorí oúnjẹ alẹ́. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n ro ti àwa tí ń ṣiṣẹ́ di òru, kí wọ́n jẹ́ kí ilé-oúnjẹ kan ṣoṣo máa ṣí nítòsí ilé ìwádìí. Kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, ẹ ra ìkòkò ìrẹsì oníná, ẹ lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì lálẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń lẹ ìwé ìdajì owó mọ́ oúnjẹ tí ó kù, kí ẹ sì máa fi fíríìjì ṣe ìpamọ́ ọbẹ̀ tí ẹ bá sè ní òpin ọ̀sẹ̀. Súpámákẹ́ẹ̀tì Gyōmu Sūpā, tí ó ní ẹ̀ka káàkiri ilẹ̀ náà, dára fún ẹran dídì, òróró àti ẹ̀wà tí owó rẹ̀ kò ga.

Nítorí ọ̀rọ̀ àkókò yìí ni mi ò fi gba ẹnikẹ́ni tí ń ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì níyànjú láti ra káàdì oúnjẹ ọdọọdún. Ètò kan ni tí a ó ti san owó oúnjẹ ọdún kan sílẹ̀, tí a ó sì máa jẹ ní iye kan lójúmọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun tí a kò bá jẹ lónìí kì í kún ti ọ̀la. Ó dára fún ọmọ ọdún 18 tí òbí rẹ̀ ń bẹ̀rù pé kò ní jẹun. Akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí tí yóò lọ sí àpérò, tí yóò lọ lo ẹ̀rọ ní ìlú mìíràn, tí ìdánwò inú yàrá ìwádìí rẹ̀ yóò sì máa gba aago oúnjẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ní jèrè owó rẹ̀. Ẹ máa san bí ẹ ṣe ń jẹ.

Àríyá yàrá ìwádìí náà sábà máa ń wáyé nínú ilé-oúnjẹ yìí lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń kí àwọn tuntun káàbọ̀ ní oṣù kẹrin tàbí tí wọ́n bá ń sin ọdún. Ọtí máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kì í mu ún kò ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Kí ó gbé ife tíì oolong sókè pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ti tó. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ó wá.

Ṣọ́ọ̀bù seikyō kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi lórí ohun méjì. Ìkínní ni ìwé. Ní Jàpáànù, ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ ìwé ni ó ń pinnu iye tí gbogbo ilé-ìtàwé gbọ́dọ̀ tà á, ṣùgbọ́n òfin yọ irú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yìí sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹgbẹ́ fi ń rí ẹ̀dínwó gbà, tí ó sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lórí ìwé kẹ́mísírì tàbí físíìsì tí owó rẹ̀ ga, ẹ̀dínwó ìwé díẹ̀ péré lè tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Ìkejì ni ìdìpọ̀ ìwé àṣekágbá. Wọ́n máa ń gba iṣẹ́ yìí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì mọ àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé àti bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ sára rẹ̀, èyí tí ó gbà wá lọ́wọ́ kíka ìwé ìlànà ní èdè tí a kò tíì gbọ́ tán. Oṣù kìíní àti ìkejì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà máa ń fi ìwé wọn sílẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò sì kó iṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kí ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín láti oṣù kejìlá, kí ẹ sì mú ẹ̀dà ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́wọ́ lọ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú yín.